Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà ní Ilé-ẹ̀kọ́ Girama: Láti Ọ̀dọ̀ Onàbólú dé Mọ́níyà

Orísun méjì ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní. Àkọ́kọ́ ni Àìná Onàbólú. Nígbà tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó bí a ti ń ya àwòrán tí ohun tó jìnnà yóò fi kéré sí èyí tó wà nítòsí. Èkejì ni Kenneth Murray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́ ní 1927, lẹ́yìn tí Onàbólú ti bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́ mìíràn. Ní ti Murray, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, bí igi gbígbẹ́ àti ìkòkò mímọ, ló yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀.

Bí èrò méjèèjì tilẹ̀ yàtọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́níyà tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC nílò wọn pọ̀. Ìlànà Onàbólú ni yóò fi ya ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bí ojú ti rí i. Ti Murray ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé adìrẹ Ìbàdàndùn, tí àwọn obìnrin fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún ya òpó gbọ̀ngàn Mapo sí lára, jẹ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ ti di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójú kan.