Ìdí Tí Ọdún Àwọn Mùsùlùmí Fi Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Híjírà

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ibi tí ó yẹ kí àwọn ẹlẹ́sìn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún wọn, ọjọ́ tí a bí ẹni tí ó mú ẹ̀sìn náà wá ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni ṣe ka tiwọn láti orí ìbí Jésù. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti àwọn Mùsùlùmí. Ọdún tiwọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí Ànábì Muhammad, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, ní nǹkan bí ọdún 570. Kò bẹ̀rẹ̀ láti òru ọjọ́ náà ní ọdún 610 tí ìṣípayá àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún un nínú ihò àpáta Hira. Bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó wọ Mẹ́kà gẹ́gẹ́ bí aṣẹ́gun ní ọdún 630. Ọdún 622, tí ó ṣí kúrò ní ìlú àwọn baba rẹ̀ tí ó sì di àlejò ní ìlú onílùú, ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣíkúrò yìí ni à ń pè ní Híjírà.

Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń wádìí. Kí ni ó wà nínú ìrìn-àjò ẹni tí a fẹ́ pa ní ilé ara rẹ̀, tí ó fi tóbi ju ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìṣẹ́gun lọ?

ÌYÀ ÀWỌN ONÍGBÀGBỌ́ NÍ MẸ́KÀ

Ìlú òwò àti ìlú ẹ̀sìn ni Mẹ́kà jẹ́ láyé ìgbà náà. Ní àárín rẹ̀ ni ilé Kaaba wà, níbi tí àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá kó òrìṣà wọn sí, tí wọ́n sì ń wá bọ wọ́n lọ́dọọdún. Àwọn Quraysh, tí wọ́n ni ìlú, ń jẹ èrè àti iyì nídìí àwọn àlejò wọ̀nyí. Nígbà tí Ànábì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni kí a máa sìn, pé ọjọ́ ìdájọ́ ń bọ̀, àti pé kí olówó má ṣe fi ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn dù ú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n gbọ́. Ohùn ẹni tí ó fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí wọn ni wọ́n gbọ́.

Àwọn tí kò ní ẹbí alágbára lẹ́yìn ni ìyà náà kọ́kọ́ bá. Wọ́n tẹ́ Bilal, ẹrú tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Habaṣa wá, sórí iyanrìn gbígbóná, wọ́n sì gbé òkúta ńlá lé e láyà kí ó lè sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ ẹ, títí Abubakar fi rà á tí ó sì dá a sílẹ̀ lóko ẹrú. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Sumayyah kò rí olùràpadà. Wọ́n pa á, òun sì ni ìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó kú nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ní ọdún 615, àwọn kan nínú wọn sá lọ sí ilẹ̀ Habaṣa. Kristẹni ni ọba ibẹ̀, síbẹ̀ ó gbà wọ́n sílé, ó sì kọ̀ láti fi wọ́n lé àwọn ikọ̀ tí Quraysh rán tẹ̀lé wọn lọ́wọ́.

Ọdún 619 ni ó le jù fún Ànábì. Nínú ọdún kan náà ni ìyàwó rẹ̀ Khadijah, ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á gbọ́, àti Abu Talib, arákùnrin baba rẹ̀ tí ó ń dáàbò bò ó, kú. Ó lọ sí ìlú Taif láti wá ibi ìsádi, òkò ni wọ́n sọ lé e padà.

ÌLÚ TÍ OGUN ABẸ́LÉ TI SÚ

Ní àríwá Mẹ́kà, ní ọ̀nà tí ó lé ní 300 kìlómítà, ni ìlú Yathrib wà, ìlú àgbẹ̀ tí igi dábínù pọ̀ sí. Ẹ̀yà Lárúbáwá méjì, Aws àti Khazraj, ni wọ́n ń bá ara wọn jà níbẹ̀ láti ọdún gbọ́n-ọn gbọ́n-ọn, àwọn ẹ̀yà Júù tí wọ́n jọ ń gbé ìlú náà sì ti lọ́wọ́ sí ìjà wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sì sí onílàjà kan láàárín wọn tí ìhà méjèèjì lè gbà gbọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹnì kan.

Ní ọdún 621, ọkùnrin méjìlá láti Yathrib pàdé Ànábì ní Aqaba nítòsí Mẹ́kà, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe àgbèrè, àwọn kò sì ní pa ọmọ àwọn mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí wọ́n lé ní àádọ́rin wá, obìnrin méjì sì wà nínú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn yóò dáàbò bò ó bí ẹní dáàbò bo aya àti ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Mùsùlùmí Mẹ́kà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan àti ní méjì méjì. Suhayb fẹ́ lọ, àwọn Quraysh ní àfi bí ó bá fi gbogbo ọrọ̀ tí ó kó jọ lọ́dọ̀ àwọn sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

OHUN ÌFIPAMỌ́ ÀWỌN Ọ̀TÁ

Nígbà tí ó ku Ànábì àti àwọn díẹ̀, àwọn àgbààgbà Quraysh pa ìmọ̀ pọ̀. Wọ́n ní kí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kọ̀ọ̀kan láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì fi idà lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹbí rẹ̀ má lè mọ ẹni tí wọn yóò gbẹ̀san lára rẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà, Ali, ọmọ Abu Talib, sùn sórí ibùsùn Ànábì ní ipò rẹ̀, Ànábì sì bá ti ẹ̀yìn jáde lọ sọ́dọ̀ Abubakar.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí Ali fi dúró lẹ́yìn. Láti ìgbà èwe ni àwọn ará Mẹ́kà ti ń pe Ànábì ní al-Amin, ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán. Nítorí náà, àwọn tí ń pè é ní òpùrọ́ ní gbangba kò yé gbé owó àti ohun iyebíye wọn fún un tọ́jú. Nígbà tí ó sì ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀, tí ohun ìní àwọn ọ̀tá rẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, kò gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kà á sí gbà-máà-bínú fún ilé àti ọrọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó pàṣẹ fún Ali kí ó dá ti oníkálukú padà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ali fi ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà Yorùbá ní ìwà lẹ̀sìn; ọ̀rọ̀ náà ṣẹ ní Mẹ́kà lọ́jọ́ náà.

Ànábì àti Abubakar kò gba ọ̀nà Yathrib ní tààrà. Wọ́n yà sí gúúsù, wọ́n sì fara pamọ́ fún òru mẹ́ta nínú ihò àpáta Thawr. Asma, ọmọbìnrin Abubakar, ni ó di oúnjẹ ìrìn-àjò wọn. Nígbà tí kò rí okùn, ó fa ọ̀já ìgbànú ara rẹ̀ ya sí méjì láti fi so ó. Àwọn Quraysh ti kéde ọgọ́rùn-ún ràkúnmí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n wà, tí ó sì fi ọ̀nà aṣálẹ̀ hàn wọ́n, kì í ṣe Mùsùlùmí. Abdullah ọmọ Urayqit ni orúkọ rẹ̀. Abọ̀rìṣà ni, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ lówó. Ọgọ́rùn-ún ràkúnmí lè sọ tálákà di ọlọ́rọ̀ lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò ta wọ́n.

ÌLÚ TUNTUN

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 622, wọ́n dé Quba ní ẹ̀bá Yathrib, wọ́n sì kọ́ mọ́sálásí síbẹ̀. Nígbà tí Ànábì wọ ìlú, olúkúlùkù ń fẹ́ kí ó wọ̀ sílé òun. Ó ní kí wọ́n fi ràkúnmí òun sílẹ̀ kí ó yan ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ àwọn ọmọ òrukàn méjì kan, níbi tí wọ́n ti ń sá dábínù. Wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ta á lọ́rẹ. Ó kọ̀, ó ní àfi kí òun san owó rẹ̀. Orí ilẹ̀ tí a rà yìí ni a kọ́ mọ́sálásí Ànábì sí, òun tìkára rẹ̀ sì bá wọn ru bíríkì. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ìlú náà ní Mẹ̀dínà, ìlú Ànábì.

Àwọn tí wọ́n ti Mẹ́kà wá kò ní ilé, wọn kò ní oko. Ànábì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn onílé ní méjì méjì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Sa'd ọmọ Rabi' fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí méjì fún Abdurrahman ọmọ Awf tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀. Abdurrahman súre fún un, ó ní kí ó kàn fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta òrí-àmọ́ àti wàrà gbígbẹ, nígbà tí ó sì yá, ó di ọ̀kan nínú àwọn olówó ìlú. Ẹni tí ó lawọ́ kò kábàámọ̀, ẹni tí a lawọ́ sí kò sì sọ ara rẹ̀ di ẹrù.

A kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú, èyí tí ó so àwọn aṣíkiri, àwọn onílùú àti àwọn Júù pọ̀. Ó ní kí wọ́n jọ dáàbò bo ìlú, kí a má ṣe ran ọ̀daràn lọ́wọ́, kí àwọn Júù máa ṣe ẹ̀sìn wọn, kí àwọn Mùsùlùmí sì máa ṣe tiwọn. Àárín àwọn tí ó ṣe àdéhùn yìí dàrú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ogun sì mú ẹ̀mí lọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ẹ̀jẹ̀ ẹbí nìkan kò tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìlú mọ́.

Ní Mẹ̀dínà ni ìjọsìn tí à ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ti di ti gbangba. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, Bilal tí wọ́n gbé òkúta lé láyà ní Mẹ́kà ni ó sì di ládàánì àkọ́kọ́. Ní ọdún 624, a kọ ojú ìrun kúrò ní Jerúsálẹ́mù sí Kaaba, ààwẹ̀ oṣù Ràmàdáànì sì di ọ̀ranyàn. Sàká, ẹ̀tọ́ aláìní nínú ọrọ̀ olówó, náà fìdí múlẹ̀.

OṢÙ ṢÀBÁÁNÌ WO?

Síbẹ̀, nígbà ayé Ànábì, wọn kò tíì fi nọ́ńbà ka ọdún. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni àwọn Lárúbáwá fi ń ránti ọdún, bí Ọdún Erin, gan-an bí àwọn àgbà Yorùbá ti máa ń sọ pé ìgbà ogun Jálumi ni a bí lágbájá. Ní nǹkan bí ọdún 638, nígbà tí Umar jẹ́ kálífà, tí ilẹ̀ Mùsùlùmí sì ti gbòòrò, ọ̀nà yìí kò tó mọ́. Ìtàn sọ pé a gbé ìwé gbèsè kan wá síwájú rẹ̀ tí ó ní oṣù Ṣàbáánì ni a ó san owó náà. Umar béèrè pé: Ṣàbáánì wo? Ṣé ti ọdún tí ó kọjá ni, ti èyí tí a wà nínú rẹ̀, tàbí ti èyí tí ń bọ̀? Abu Musa, gómìnà rẹ̀ ní Basra, náà kọ̀wé pé lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ òun láìní déètì.

Umar pe ìpàdé. Àwọn kan ní kí a lo ti àwọn ará Páṣíà, àwọn kan ní ti àwọn ará Róòmù. Àwọn mìíràn dárúkọ ọjọ́ ìbí Ànábì, ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, àti ọjọ́ ikú rẹ̀. Híjírà ni wọ́n fi ẹnu kò sí, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́, òun ni ó ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́. Oṣù Rabiul-Awwal ni Ànábì dé Mẹ̀dínà, ṣùgbọ́n wọ́n fi Muharram ṣe oṣù àkọ́kọ́, nítorí pé ìgbà náà ni àwọn èrò Háájì máa ń padà sílé.

Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún náà, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ó sì ń jẹ́. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ fi ń yí po gbogbo ìgbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ọyẹ́ ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ní ọdún 2015, àárín òjò oṣù Kẹfà ni. Ọdún 1400 Híjírà wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979. Ní ọdún 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ya ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún Híjírà sọ́tọ̀ fún ìsinmi.

Ìsinmi dára, ìwọ́de dára, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ka ọdún náà ni kí a má ṣe gbàgbé. Nínú gbogbo ìtàn Híjírà, ẹrù ọ̀tá ni a dá padà, ọ̀yà atọ́nà ni a kò fi ìwà ọ̀dàlẹ̀ san, ilẹ̀ ọmọ òrukàn ni a rà lówó, ìwé gbèsè sì ni ó mú kí a ka ọdún. Nítorí náà, bí oṣù Muharram bá tún lé, kí Mùsùlùmí tí ó ń kí ẹnì kejì rẹ̀ kú ọdún tuntun yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò: ta ni ó gbé nǹkan fún un tọ́jú tí kò tíì dá padà? Ta ni ó ń retí gbèsè rẹ̀ láti Ṣàbáánì èṣín? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yanjú èyí ni ó bá Ànábì ṣe Híjírà ní tòótọ́.