Mọ́dàbọ́ọ̀dù Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò Kí A Tó Fi Kún Eré Kọ̀ǹpútà

Kò sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó ń kúrò nílé iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti dá ìwọ̀n eré tí yóò máa sá fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ń ṣọ́ra kí ọjà wọn má baà já oníbàárà kankan kulẹ̀, ìbáà jẹ́ ní ìlú olóoru tàbí ní ìlú òtútù, ìwọ̀n tí aláìlágbára inú wọn pàápàá lè sá ni wọ́n sábà máa ń dá fún gbogbo wọn, tí agbára a sì máa ṣẹ́ kù lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lílo ìṣẹ́kù agbára yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní overclocking. Ẹni tí ó bá sì dáwọ́ lé e láìwo irú mọ́dàbọ́ọ̀dù, àwo pẹrẹsẹ a-gbé-gbogbo-ẹ̀yà-ró, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú òkùnkùn ni ó ń rìn.

Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni onílù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni oníjó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Intel gbé ọpọlọ Celeron 300A jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, ìgbà mílíọ̀nù 66 àti díẹ̀ ni onílù ń lu ìlù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, oníjó a sì máa gbé ìgbésẹ̀ 4.5 sí ìlù kọ̀ọ̀kan, tí eré rẹ̀ fi di mílíọ̀nù 300. Intel ti iye ìgbésẹ̀ náà pa, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà, ṣùgbọ́n kò so ọwọ́ onílù. Àwọn tí ó ra mọ́dàbọ́ọ̀dù BH6, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Abit ti Taiwan, jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n yan 100 dípò 66 lójú rẹ̀ láìtú nǹkan kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjó náà sì di eléré mílíọ̀nù 450, tí wọ́n ń bá ọpọlọ Pentium II ti Intel kan náà, tí owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta tiwọn lọ figagbága.

Àmọ́ eré ní ohun tí ó ń jẹ. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i, ọpọlọ náà lè máa béèrè fún fóltì tí ó ga sí i kí ó tó lè dúró ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni ooru máa ń sáré ju fóltì lọ: bí a bá fi ìdá 10 nínú 100 kún fóltì, tí a kò tilẹ̀ fi nǹkan kan kún eré, ooru yóò fi nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 pọ̀ sí i. A kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi kún eré, kí a fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ líle ṣe fún wákàtí mélòó kan, kí a wo bí ó ti gbóná tó kí a tó tún fi kún un, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lóde òní, kì í ṣe gbogbo mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ó ń gbà kí a fi kún eré ọpọlọ. Lọ́dọ̀ Intel, ọpọlọ tí lẹ́tà K bá wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni a ń wá, mọ́dàbọ́ọ̀dù bí i Z790 ni ó sì ń fún un láyè, B760 kì í gbà. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ AMD, B650 àti X670 ń gba ọpọlọ Ryzen láyè, A620 kò gbà. Lẹ́yìn èyí, kí olùrajà wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọpọlọ ń jókòó sí: àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké tí ó tò síbẹ̀ ni ó ń sọ iná fóltì 12 di fóltì kan àti díẹ̀ tí ọpọlọ lè lò. Bí wọn kò bá pọ̀ tó, tí irin tí ń fa ooru kò sì bò wọ́n, àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbóná, tí eré tí a fi kún un yóò sì tún wálẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ẹ má fi gbogbo owó yín ra ọpọlọ kí ẹ wá fi ṣẹ́ńjì ra mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ẹ sì ka àdéhùn àtúnṣe tí ó bá ọjà náà wá, nítorí ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún ohun tí eré àfikún bá bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́dàbọ́ọ̀dù tí ó lágbára ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀.