Olúṣẹ́gun: Ogun Ta Ni, Ìṣẹ́gun Ta Ni?



Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó jókòó síhìn-ín. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa léèrè ni èyí: nígbà tí ọmọ náà bá ti jáde kúrò nínú ilé tí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní pápá bọ́ọ̀lù, ní agbo orin, tàbí nínú ètò ìjọba, kí ni orúkọ náà tún ń sọ nípa rẹ̀? Ṣé òun ni ó gbé ọmọ dé ibi gíga, tàbí ọmọ ni ó gbé orúkọ dé ibẹ̀?

Àwọn kan gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Wọn a ka àwọn ènìyàn ńláńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́sẹẹsẹ, wọn a sì ní: “Ẹ kò rí i bí?” Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò. Orúkọ náà ni Olúṣẹ́gun, tí a máa ń gé kúrú sí Ṣẹ́gun. Mo yàn án nítorí pé àwọn gbajúmọ̀ tí ó ń jẹ́ ẹ pọ̀ nínú eré ìdárayá, nínú orin àti nínú ìṣèlú, àti nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ mọ́ àṣeyọrí.

1. Ìhun orúkọ náà

Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ àbísọ wa, odidi gbólóhùn ni Olúṣẹ́gun. Olú ni olùwà, ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ogun sì ni àbọ̀. Nígbà tí ṣẹ́ bá pàdé ogun, a ó pa fáwẹ̀lì o jẹ, ẹ yóò sì dúró: ṣẹ́ ogun di ṣẹ́gun, gẹ́gẹ́ bí ṣẹ́ igi ti di ṣẹ́gi, tí ṣẹ́ ọ̀tẹ̀ sì di ṣẹ́tẹ̀. Bí ènìyàn ti ń ṣẹ́ igi gbígbẹ lóko ni Olú ṣe ṣẹ́ ogun náà sí méjì.

Ohùn ni ó jẹ́ kí á mọ ohun tí a ṣẹ́. Ohùn àárín ni ó wà lórí sílébù ìkẹyìn orúkọ yìí, nítorí pé ogun tí í ṣe ìjà ni ó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ògún, òrìṣà onírin, tàbí ogún tí à ń jẹ lẹ́yìn òkú, òpin orúkọ náà ì bá gbé ohùn òkè. Bí ó bá jẹ́ odò Ògùn, ohùn ìsàlẹ̀ ni ì bá gbé. Ẹ wá wo bí àwọn ìwé ìròyìn wa ti ń kọ ọ́: S tí kò ní àmì nísàlẹ̀, e tí kò ní àmì nísàlẹ̀, láìsí ohùn kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sílẹ̀ yìí ni wọ́n ti nù kúrò kí orúkọ náà tó dé ojú òǹkàwé.

Olú ńkọ́? Ẹni ńlá, olórí, ẹni tí ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni Olú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, Olúwa Ọlọ́run ni wọ́n ń fi í pè. Àwọn ilé mìíràn a máa fi ohun tí wọ́n ń gbé ga sí ipò yìí kan náà. Ìdílé ọba ń sọ Adéṣẹ́gun, ìdílé onífá ń sọ Fáṣẹ́gun. Olùwà yí padà, ṣùgbọ́n ogun kò yí padà.

Ohun kan kù tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ọ̀rọ̀ wa. Kò sí yóò nínú gbólóhùn yìí, kò sì sí kí. Àwọn orúkọ kan wà tí í ṣe ẹ̀bẹ̀, irú bíi Dúrójayé àti Málọmọ́ tí à ń sọ àbíkú: ọmọ náà ni a dojú ọ̀rọ̀ kọ, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni a sì ń bẹ̀bẹ̀ fún. Olúṣẹ́gun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn ni. Ó ń sọ fún ayé pé ogun kan ti wáyé, ó sì ti parí, kí a tó gbé ọmọ jáde ní ọjọ́ ìkómọ. Ọmọ náà kò jà nínú ogun ọ̀hún. Òun kọ́ ni ó sì ṣẹ́gun, Olú ni.

2. Àwọn tí ó jọ ń jẹ́ ẹ

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní pápá bọ́ọ̀lù, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn àgbà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn agbafe ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá-ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè ní Èkó, Nàìjíríà na Algeria ní góòlù 3 sí òdo, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Òun ni ó gbá góòlù méjì àkọ́kọ́ wọlé, Muda Lawal sì gbá ẹ̀kẹta.

Nídìí tẹníìsì orí tábìlì, Ṣẹ́gun Tòríọlá ni. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Manchester ní ọdún 2002. Ìgbà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kópa nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, láti ti Barcelona ní ọdún 1992 títí di ti Rio ní ọdún 2016. Nínú méjèèje, kò gba àmì-ẹ̀yẹ kan. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rìnlélógún di ipò rẹ̀ mú láàárín àwọn àgbà òṣèré ayé kò ṣẹ́gun?

Nínú orin, Ṣẹ́gun Bucknor bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì ti ibẹ̀ gbé ìlù àti ohùn soul bọ̀ wálé, ó pò ó mọ́ tiwa. Orin rẹ̀ ń sọ ìyà tálákà láìfi bò, bí àkọlé ọ̀kan nínú wọn, “Poor Man No Get Brother”, ti fi hàn. Ó kú ní ọdún 2017. Ṣẹ́gun Adéwálé jẹ́ ti jùjú. Òun àti Shina Peters jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fa orúkọ ẹgbẹ́ náà yọ láti ara orúkọ àwọn méjèèjì: Shina Adewale. Nígbà tí wọ́n pínyà, kálukú gba ìdajì tirẹ̀ padà, Adéwálé sì pe irú jùjú tirẹ̀ ní Yo-Pop. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ṣẹ́gun Akínọlá ni ó kọ orin fún eré tẹlifíṣọ̀n tí à ń pè ní Doctor Who láti ọdún 2018 títí di 2022.

Ní ti iṣẹ́ ìròyìn àti ìlú, Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó bí eré The Village Headmaster sórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó di aṣojú Nàìjíríà ní Ethiopia. Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn, ó di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Daily Times, ó sì ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó ń darí ẹ̀ka ọmọ ogun tí ó wà lójú ìjà nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ó jẹ́ olórí ìjọba ológun láti ọdún 1976 títí di 1979, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n láti 1995 títí di 1998, ó sì tún di ààrẹ láti 1999 títí di 2007.

3. Nígbà tí Olúṣẹ́gun pàdé Olúṣẹ́gun

Ẹni tí ó gbà pé orúkọ ni ó ń ṣiṣẹ́ yóò yọ̀ sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú bá mi. Ẹni tí ó bá ń ka kìkì ẹja tí ó wọ inú àwọ̀n kò lè sọ iye ẹja tí ó wà nínú odò. Àwọn Ṣẹ́gun tí ń ránṣọ, tí ń ro oko, tí ń wa ọkọ̀ èrò, tí kò rí iṣẹ́ ṣe rárá, kò sí nínú ìwé wa. Gbajúmọ̀ nìkan ni a kọ́kọ́ ṣà jọ, kí a tó wá bi wọ́n ní orúkọ. Orúkọ tí ó bá sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn kò lè ṣàì wọ́pọ̀ láàárín àwọn gbajúmọ̀.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára ju èyí lọ wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 2007, àwọn méjì ni wọ́n wọ̀yá ìjà jù lọ lórí ipò gómìnà. Olúṣẹ́gun Àgágù, onímọ̀ nípa òkúta abẹ́ ilẹ̀, ni ó wà lórí àga. Olúṣẹ́gun Mímikò, oníṣègùn òyìnbó, ni ó ń bá a dù ú. Mímikò ti ṣe akọ̀wé ìjọba lábẹ́ Àgágù rí, àwọn méjèèjì sì ti ṣe mínísítà lábẹ́ Olúṣẹ́gun kẹta, ìyẹn Ọbásanjọ́. Àjọ elétò ìdìbò ní Àgágù ni ó wọlé. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé Mímikò ni ará ìlú dìbò fún, Àgágù sì kúrò lórí àga.

Bí orúkọ bá jẹ́ àṣẹ lórí ọmọ, èwo nínú àwọn méjèèjì ni orúkọ yìí ì bá gbè? Gbólóhùn kan náà ni wọ́n kéde ní ọjọ́ ìkómọ àwọn méjèèjì. Ibò àti ìdájọ́ ni ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣòro náà yóò tú ká bí a bá rántí ohun tí ìhun orúkọ náà ti sọ fún wa: ìròyìn ni, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́gun tí wọ́n kéde ní ilé Àgágù ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ipò gómìnà ń bẹ. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀?

Ní àtijọ́, bí a bá pe Ṣẹ́gun ní agbo ilé, tí ẹni méjì dáhùn, oríkì ni a ó fi yà wọ́n: Àjàní tàbí Àkànní? Bí a bá wà lóde, a ó béèrè pé, “Ṣẹ́gun ta ni?” Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ni ó jẹ́ kí orúkọ bàbá di ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ orúkọ ọmọ. Síbẹ̀, ará ìlú kò fi ọgbọ́n àtijọ́ sílẹ̀. Ọbásanjọ́ ní oríkì rẹ̀, Àrẹ̀mú, ó sì tún ní ìnagijẹ, Ẹbọra Òwu. Ọdẹ́gbàmí di “Mathematical” láti ẹnu Ernest Okonkwo, ẹni tí ó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ti ń lọ lórí rédíò. Ọmọ ilé-ìwé tí kò jẹ́ pe ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò rẹ̀ láìfi “bọ̀dá” kún un yóò kígbe “Ọdẹ́gbàmí!” ní gbangba pápá, ẹnìkan kò sì ní bá a wí. Òkìkí ti sọ orúkọ ẹni náà di ti gbogbo ènìyàn.

Ewu wà nínú èyí. Níbi tí ajórúkọ bá ti pọ̀, ẹni tí òkìkí rẹ̀ tàn jù a máa bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó mọ Ṣẹ́gun ti ìjọba àti Ṣẹ́gun ti bọ́ọ̀lù kò gbọ́ orúkọ Ṣẹ́gun Bucknor rí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà nínú àwo orin títí di òní.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń jẹ́ Olúṣẹ́gun pé ogun wo ni wọ́n ṣẹ́ nílé wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀, pé orúkọ lásán ni. Mo ní kí ó lọ béèrè. Nígbà tí ó padà dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú òun, wọ́n fẹ̀sùn olè kan bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i gan-an ni adájọ́ sì ní bàbá náà kò jẹ̀bi. Bàbá ọ̀hún ti kú. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀ rí. Bí kì í bá ṣe ìbéèrè yẹn, ìyá ì bá gbé ìtàn náà wọ ilẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí á mú lọ sílé nìyí. Àwọn gbajúmọ̀ tí ó jọ ń jẹ́ Olúṣẹ́gun kò jọ ní orí kan náà, wọn kò sì jọ ní ogun kan náà. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé, nínú ilé kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn òbí kan wà tí wọ́n rí ohun kan tí wọ́n pè ní ogun, tí wọ́n là á já, tí wọ́n sì fi ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọn kò fi gègé kọ ọ́. Bí a bá wá yọ àmì kúrò lára orúkọ náà, tí a kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó sọ ọ́, ìwé ìtàn ni a ń ya.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ yín bí ó ti yẹ. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láàyè, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sì béèrè, ẹ má ṣe sọ pé orúkọ lásán ni.