Àwòkọ́ṣe Nínú Iṣẹ́ Àwòrán Ọlọ́dà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó ń wo àwòrán àgbà yà, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ó ń jí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ní agbo-ilé Adúgbólógè ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, tí ó lókìkí fún ère ìbejì, iṣẹ́ ọ̀gá ni ọmọ-iṣẹ́ ń wò gbẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ọnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán. Rubens, nígbà tí òun náà ti di àgbà ọ̀jẹ̀, tún àwòrán Ádámù àti Éfà ti Titian yà ní Madrid ní 1628 sí 1629.

Ìdí iṣẹ́ ni àwòkọ́ṣe ń fi han akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ tí òróró rẹ̀ kò pọ̀ ni a kọ́kọ́ ń kùn. Èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn. Bí ti òkè bá gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, àwòrán yóò sán.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹ̀dà kò lè kọ́ ni. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, fi àwòrán inú ìwé ìsìn àti ìwé ìròyìn Òyìnbó kọ́ ara rẹ̀. Ojú Òyìnbó inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ ni bí a ti ń po àwọ̀ ara ènìyàn dúdú. Lára àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ti ní láti wá a. Nígbà tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń wí pé irú iṣẹ́ yìí kọjá agbára ènìyàn dúdú, ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ọdún 14 kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ti àgbà yà. Ṣùgbọ́n ojú alààyè tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò fi hàn bí ó bá ti mọṣẹ́.