Iyàrá Tó Di Kámẹ́rà

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹ ó rí pátákó níwájú ọ́fíìsì lọ́yà: orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú, "Chambers" ló tẹ̀ lé e. Bí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ń ṣèpàdé, "kọ́mréèdì" ni wọ́n ń pe ara wọn. Níbi ìgbéyàwó, ayàwòrán á gbé kámẹ́rà sójú. Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Camera ni ìyá wọn ń jẹ́ ní èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀, a ó rí i pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣàdédé fò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì ló ń gbé.

Láti àjà dé iyàrá

Ọwọ́ àwọn Gíríìkì ni àwọn ará Róòmù ti gba ọ̀rọ̀ náà. Kamara ni àwọn Gíríìkì ń pe ohun tí òkè rẹ̀ bá tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Òpìtàn wọn, Herodotus, lò ó fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n bò lórí. Tacitus, òpìtàn ará Róòmù, lò ó fún ọkọ̀ ojú omi kan ní Òkun Dúdú: bí ìgbì bá le, àwọn atukọ̀ á máa fi pákó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi pàdé lókè bí òrùlé.

Nínú ilé kíkọ́, àjà tó tẹ̀ báyìí ni camera. Nígbà tó yá, orúkọ àjà sọ̀ kalẹ̀ sórí iyàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa náà mọ irú ìrìn yìí. Ojú ilé ni "ojúlé", ṣùgbọ́n bí a bá ka ojúlé mẹ́wàá ní àdúgbò, odindi ilé la kà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan.

Láti iyàrá dé ara èèyàn

Ní Ítálì, iyàrá ni camera ń jẹ́ títí dòní. Ní Sípéènì, camarada ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun tó ń sùn ní iyàrá kan. Lẹ́yìn náà ló di orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Òun ló di camarade lẹ́nu Faransé, Kamerad lẹ́nu àwọn ará Jámánì, àti comrade lẹ́nu Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí a jọ ń sun iyàrá kan náà ni kọ́mréèdì, kí ó tó di ẹni tí a jọ ń jà fún ẹ̀tọ́.

Àwọn aṣòfin náà jókòó sínú camera. Camera dei Deputati ni ilé aṣòfin kan ní Ítálì ń jẹ́, Câmara dos Deputados sì ni ti Bùràsíl. Ilé ló wà lẹ́nu tiwa: bí a bá ní "Ilé ti fọwọ́ sí òfin náà", àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ là ń sọ. Bákan náà, bí ìwé ìròyìn bá ní adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ "in camera", kò túmọ̀ sí pé wọ́n ya àwòrán. Ó gbọ́ ọ ní iyàrá, níbi tí ará ìta kò lè wọ̀.

Bí chamber ṣe jáde

Báwo ni camera ṣe di chamber? Ẹnu àwọn Faransé ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì tó fi ca bẹ̀rẹ̀ ló di cha lọ́dọ̀ wọn: campus, pápá, di champ, cantare, kíkọrin, di chanter. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé fáwẹ̀lì àárín mì, m àti r sì fara kanra. Ó nira láti pè, ni b bá wọlé sáàárín wọn: chambre. Àwa kì í ṣe é báyẹn. Bí kóńsónáǹtì méjì bá fara kanra, fáwẹ̀lì la máa ń fi là wọ́n: bread di búrẹ́dì. Ìṣòro kan náà ni, oògùn rẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba chambre lọ́wọ́ Faransé, wọ́n ń pè é ní chamber.

Iyàrá tó ṣókùnkùn

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó ṣiṣẹ́ ní Káírò, ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú ihò kékeré wọ ibi tó ṣókùnkùn. Tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Èyí tó ti òkè igi wá yóò gba ihò náà lọ sísàlẹ̀ ògiri, èyí tó ti ìsàlẹ̀ wá yóò lọ sókè. Nítorí náà, àwòrán igi náà á hàn lára ògiri, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Ní 1604, Johannes Kepler ará Jámánì pe irú iyàrá bẹ́ẹ̀ ní camera obscura nínú ìwé rẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀: iyàrá òkùnkùn.

Wọ́n sọ iyàrá náà di àpótí tó ṣeé gbé kiri. Ní nǹkan bí 1827, Niépce ará Faransé fi páànù tó kùn lọ́dà sínú rẹ̀, àwòrán náà sì dúró. Ní 1839, wọ́n kéde ọ̀nà tí Daguerre, ará Faransé mìíràn, ń gbà yàwòrán ní Párìsì. Bí iṣẹ́ náà ti ń tàn kálẹ̀ ni wọ́n gé orúkọ gígùn náà kúrú. Òkùnkùn jábọ́, iyàrá nìkan ló kù: camera.

Èdè kọ̀ọ̀kan wá pín ogún náà bó ṣe wù ú. Ní Jámánì, Kammer ni iyàrá, Kamera ni ẹ̀rọ. Ní Bùràsíl, câmara ni ìgbìmọ̀, câmera ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń ya sinimá àti fídíò nìkan ni àwọn Faransé ń pè ní caméra; appareil photo ni èyí tó ń ya fọ́tò. Àwa Yorùbá gba ẹ̀rọ náà tòun torúkọ, a ń pè é ní kámẹ́rà.

Orúkọ náà kò sì purọ́. Lẹ́yìn gíláàsì kékeré tó wà lára fóònù yín, àyè tóóró kan wà tó ṣókùnkùn biribiri, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò kan ṣoṣo wọ̀. Iyàrá ni síbẹ̀.