Ẹ̀jẹ̀ Ìdí: Ṣé Jẹ̀díjẹ̀dí Ni Lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ ọ́, ìtìjú náà sì ti pa ẹni tí kò yẹ kó kú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan nínú ìjọ wa ní Òrè, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, bẹ̀rẹ̀ sí rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá yàgbẹ́. Ó fà wá sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún wa. Àwa fúnra wa la dá a lóhùn pé, "Bàbá, jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Ẹ dín ṣúgà kù." A gbàdúrà fún un, ó sì lọ ra àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì. Ẹ̀jẹ̀ náà dá, ó tún padà, ó tún dá. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà náà, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti dé inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Odígbó, ìlú rẹ̀, ni a sin ín sí. Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àrùn yìí, kí a má baà tún gba ẹlòmíràn nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú wa. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Lára ògiri rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹran kékeré kan lè hù bí olú. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í di nǹkan kan, ṣùgbọ́n òmíràn lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10.

Ẹ̀yin àgbà ìlú wa rántí ọdún 1967. A kò fẹ́ ru ọ̀rọ̀ ogun sókè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Òrè níbí ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun tó kọjú sí Èkó dúró. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Bí jẹjẹrẹ ìfun náà ṣe rí nìyẹn: ojú ọ̀nà ló yẹ kí á ti pàdé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bá rí tiwọn nígbà tí kò tíì kúrò nínú ìfun, nǹkan bí 90 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Bí ó bá ti fọ́n dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí 15 péré ni. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tó ti fọ́n ni ọ̀pọ̀ ń dé ilé ìwòsàn.

ÌWÁDÌÍ ILÉ-IFẸ̀

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òrè, tó gba Odígbó kọjá sí Oǹdó, lè ti ibẹ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí à ń pè ní ARGO. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Isaac Alátiṣe, oníṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ ìfun àwọn àgbà wò bí ara wọn tilẹ̀ dá. Ní 2021, wọ́n fa ọjọ́ orí tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ wá sí 45. Àwa kò ní ẹ̀rọ àti dókítà tó tó bẹ́ẹ̀. Ta ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà náà? Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 dáhùn pé: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí rẹ̀, pàápàá bí ó bá tún ń rù, tàbí tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ yí padà sí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ní 2021, wọ́n tún fi hàn pé jẹjẹrẹ ìfun àwọn ará wa yàtọ̀ ní àwọn ọ̀nà kan sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà, a kò lè máa fi ara ẹlòmíràn díwọ̀n tiwa.

KÍ NI DÓKÍTÀ YÓÒ ṢE?

Yóò kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, yóò fi ìka yẹ ìdí wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fún aláìsàn ní oògùn tí yóò fọ ìfun rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gígùn tó rọ̀ bí okùn, tó ní kámẹ́rà lórí, wo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹran kékeré bí olú yẹn, wọ́n lè gé e kúrò lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá ti di jẹjẹrẹ, oníṣẹ́ abẹ á gé apá ìfun náà, á sì so ẹnu méjèèjì pọ̀. Àwọn kan á gba oògùn tàbí ìtànṣán kún un. Àwọn kan á máa lo àpò tí ìgbẹ́ ń gbà lára ikùn jáde sí. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín; àpò náà wà lára ohun tó gba ẹ̀mí wọn là.

Òótọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní in kò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀, alágbo náà kò sì lè mọ̀.

ÀDÚRÀ Ń KỌ́?

Àwọn kan yóò béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ni?" Rárá o. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́; síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Nígbà tí inú ń yọ Tímótíù lẹ́nu, Pọ́ọ̀lù gbà á nímọ̀ràn ohun tí yóò mu. Ẹni tó gbàdúrà tó sì lọ rí dókítà kò ṣẹ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ bi ara yín léèrè nínú yàrá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi bàbá àti ìyá yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, ẹ tètè lọ sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, kí ẹ béèrè fún oníṣẹ́ abẹ. Bí bàbá tàbí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ní àrùn yìí rí, ẹ sọ fún wọn. Bí owó ọkọ̀ bá ṣòro, ẹ wá bá wa.

Bí ẹnìkan bá tún fà wá sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, tó rẹ ohùn sílẹ̀, a kò ní sọ fún un mọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. A ó gbàdúrà fún un, a ó sì bá a wọkọ̀.