Bí A Ṣe Ń Sọ Ìkòkò Òdòdó Lásán Di Aláràbarà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ìkòkò òdòdó wà lára ohun tí a máa ń náwó lé láti fi ṣe tábìlì àti ilé ìsìn lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgò lásán tí ẹ fẹ́ dànù nílé lè ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹ bá ní àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀dà èékánná tí gbogbo wa ń pè ní kútẹ́ẹ̀sì.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé kútẹ́ẹ̀sì kì í pò mọ́ omi. Bí a bá kán an sójú omi, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn án. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Jàpáánì àti Tọ́kì ti ń fi irú ọgbọ́n yìí ṣe ọnà sára bébà. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO fi ti Tọ́kì, tí wọ́n ń pè ní ebru, sínú àkójọ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé pa mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìgò náà, kí ẹ sì fi sípíríìtì nù ún, kí ọ̀rá ọwọ́ lè kúrò lára rẹ̀. Ẹ wá abọ́ ike jíjìn tí ẹ kò ní fi jẹun mọ́, kí ẹ bu omi tí kò gbóná tí kò sì tutù sí i. Omi tútù a máa mú kí kútẹ́ẹ̀sì ṣù pọ̀. Omi gbígbóná a máa mú kí ó tètè le. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ kán àwọ̀ kan sórí èkejì, ẹ fi igi ìtayín fà wọ́n kiri, kí ẹ sì rọra tẹ ìgò náà bọ inú omi, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè. Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ kó ìyókù ojú omi kúrò, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹni tó bá fi falẹ̀ yóò bá awọ náà ní líle.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú fo èyí dá: òórùn kútẹ́ẹ̀sì léwu nínú yàrá tí a tì pa, iná sì máa ń tètè ràn án. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí sítóòfù, àtùpà àti àbẹ́là, kí àgbàlagbà sì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìgò tí a ṣe báyìí kò yẹ fún omi mímu, a kò sì gbọdọ̀ tan àbẹ́là sínú rẹ̀.

Bí ọwọ́ àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ẹ má ṣe sọ ìgò náà nù. Ẹ fi èròjà tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò nù ún, kí ẹ sì tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò inú ìwé Jeremáyà orí 18 ti ṣe. Kò sí méjì tí yóò jọra. Èyí tí ẹ bá gbé wá fún àjọ̀dún wa, ẹlòmíràn kò ní ní irú rẹ̀.